Èéfín Suzuki Kì í Ṣe Àìsàn

Ní Ṣómólú tí mo gbé dàgbà, bí ọ̀kadà Suzuki AX100 bá kọjá tó rú èéfín, ohun tí ẹ máa gbọ́ ni pé “ẹ́ńjìnì yẹn ti kú.” Bí Honda CG125 bá tẹ̀lé e tí sàlẹ́ńsà rẹ̀ mọ́ tónítóní, wọ́n á ní òun gan-an lọ̀kadà, kì í jẹ ọ́ìlì. Irọ́ ni méjèèjì, owó kékeré sì kọ́ ni irọ́ náà ti ná àwọn èèyàn.

Suzuki yẹn, tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò pé 100 cc, two-stroke ni: bí písítìnì, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnì, bá ti gòkè tó sì sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, epo ti jóná. Abẹ́ písítìnì, níbi tí kíráńkì, irin tí písítìnì ń yí, wà, ni epo bẹntiróò àti atẹ́gùn kọ́kọ́ ń gbà kí wọ́n tó gòkè lọ jóná. Ọ́ìlì kankan ò lè dúró síbẹ̀. Èyí tó bá epo wọlé ló ń mú kí kíráńkì àti písítìnì máa yọ̀, òun àti epo á sì jọ jóná. Èéfín aláró tí ẹ ń rí nìyẹn. Ọ́ìlì jíà wà láyè tirẹ̀.

Ojú ń ti ẹ̀gbọ́n mi nítorí èéfín yìí, ló bá dín ọ́ìlì tó ń bá epo wọlé kù. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta, ẹ́ńjìnì gan mọ́ ọn lábẹ́ ní Ìkòròdú Road, nítòsí Fádéyì, táyà ẹ̀yìn dúró gbagidi, ó ń wọ́ nílẹ̀. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Nígbà tí mẹkáníìkì tú u, ara písítìnì ti họ yánnayànna.

Púlọ́ọ̀gì, èyí tó ń ṣáná sí epo, ni ì bá yọ wò. Bí imú rẹ̀ bá pọ́n bí èèpo inú ẹ̀pà, kò séwu. Bó bá dúdú tó sì tutù rinrin, ọ́ìlì pọ̀ jù. Bó bá funfun bí eérú, inú ẹ́ńjìnì ti ń gbóná jù, kí ẹ má gùn ún mọ́. Mi ò sọ pé èéfín náà dára fún ẹ̀dọ̀fóró o, kò dára rárá.

Four-stroke ni CG125 tí Honda gbé jáde ní 1976, 124 cc: ẹ̀ẹ̀mejì ni písítìnì rẹ̀ ń gòkè sọ̀kalẹ̀ kí epo tó jóná lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé wọ́n á di ẹrù lé e kọjá agbára rẹ̀, wọ́n á sì gbàgbé àtipààrọ̀ ọ́ìlì. Nítorí náà, ọ̀pá ló ń ti fáàfù rẹ̀, ìlẹ̀kùn tí epo ń gbà wọlé tí èéfín sì ń gbà jáde, láti ìsàlẹ̀, kò lo ṣéènì táímíìnì tí àwọn ẹ́ńjìnì mìíràn fi ń ṣí i. Ó gba ìyà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì ni ọ́ìlì rẹ̀ ń gbé, ibẹ̀ ló ti ń dọ̀tí tó sì ń fà díẹ̀díẹ̀, láìsí èéfín tí yóò ta yín lólobó. Ẹ gbé e dúró ṣánṣán lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì, ẹ nu ọ̀pá ara rẹ̀, ẹ fi í sínú ihò padà láì yí i dè, kí ẹ wá wo ibi tí ọ́ìlì dé.

Bí Honda bá wá ń rú èéfín aláró, àìsàn gan-an nìyẹn: rìngì tó yí písítìnì ká tàbí síìlì fáàfù, rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì gba ara fáàfù wọlé, ló ti jẹ. Ẹ má jẹ́ kó sun ọ̀la kí ẹ tó gbé e lọ bá mẹkáníìkì.