Oúnjẹ Aago 10 Alẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Àyà Tó Ń Ta

“Àyà ń ta mí, ulcer mi ti dé, ẹ bá mi wá nǹkan fi sẹ́nu.” Aago 10 alẹ́ lè ti lù, èèyàn á ro èbà, á jẹ ẹ́ tán, á sì nà gbalaja. Títí ilẹ̀ á fi mọ́, omi kíkan inú ikùn á máa gòkè wá sọ́fun rẹ̀. Wọ́n á ní ebi ọ̀sán ló fà á. Ọ̀rọ̀ yìí ń bí mi nínú, torí màmá mi fi ọdún púpọ̀ jìyà rẹ̀.

Ọgbẹ́ inú gan-an, ìyẹn ulcer, kì í ṣe ọmọ ebi. Kòkòrò Helicobacter pylori ló ń fa púpọ̀ nínú rẹ̀. Dókítà méjì, Barry Marshall àti Robin Warren, gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2005 torí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀. Oògùn ara ríro bí ibuprofen àti diclofenac náà ń dá a sílẹ̀. Ebi lè mú kí ọgbẹ́ tó ti wà máa ta èèyàn, ìyẹn yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n àyà tó ń ta lẹ́yìn oúnjẹ, ẹnu ọ̀nà ni ká wò. Níbi tí ọ̀nà ọ̀fun ti wọ ikùn, iṣan kan wà tó yí po bí òrùka. Bí a bá gbé oúnjẹ mì, á ṣí; bó bá kọjá tán, á pa dé. Ikùn ní ìbora tí omi kíkan kì í tètè jẹ, ọ̀nà ọ̀fun kò ní irú rẹ̀. Nítorí náà, lọ́pọ̀ ìgbà, omi náà kò pọ̀ jù, ibi tí kì í ṣe tirẹ̀ ló gbà lọ. Bí èèyàn bá yó bámúbámú, iṣan yẹn á máa tú. Bó bá tún dùbúlẹ̀, kò sí òkè, kò sí ìsàlẹ̀ mọ́, omi á ṣàn gba ibẹ̀ jáde. Ohun kan náà ló ń ṣe aláboyún tí ọmọ ń ti ikùn rẹ̀ sókè.

Òótọ́ ni pé èbà yẹn á kọ́kọ́ tù wọ́n lára. Ohun tó ń tàn wọ́n nìyẹn. Mílíìkì náà rí bẹ́ẹ̀: láìpẹ́, ikùn á tún da omi kíkan míì sílẹ̀ nítorí rẹ̀.

Ní ti màmá mi, wọn kì í jẹun kọjá aago 7 mọ́, kí wákàtí 3 lè wà kí wọ́n tó sùn. A fi pákó gbé ẹsẹ̀ ibùsùn wọn sókè lápá orí, bíi sẹ̀ǹtímítà 15. (Ìrọ̀rí tí a tò jọ kò ṣe é, ikùn ló ń ká pọ̀.) Ẹ̀gbẹ́ òsì ni wọ́n ń fi sùn. Ó dín kù gan-an, àmọ́ n kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí fún gbogbo èèyàn. Ata ń dá a sílẹ̀ fún àwọn kan. Màmá mi ṣì ń jẹ tiwọn.

Ẹni tí àyà bá ń dùn, tí ìrora náà ń bọ́ sí apá tàbí àgbọ̀n, tí òógùn sì bò ó, ẹ jọ̀ọ́, kó má pe ìyẹn ní ulcer. Ọkàn lè ni. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ń bi ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, kó má dúró dọ̀la. Bí oúnjẹ bá sì ń há ẹnì kan lọ́fun lemọ́lemọ́, kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò.