Bí Òfin Ìrìnnà Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ fún Ọ̀wọ́ Ọkọ̀ Ìsìnkú ní Amẹ́ríkà

Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìpínlẹ̀ lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, nígbà tí ọkọ̀ tó gbé pósí bá gbéra níwájú ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí itẹ́ òkú, tí ẹbí àti ọ̀rẹ́ sì wa ọkọ̀ tiwọn tẹ̀lé e, òfin kì í wò wọ́n mọ́ bí ogún tàbí ọgbọ̀n ọkọ̀ tí oníkálukú ń bá ìrìn tirẹ̀ lọ. Ọ̀wọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n lójú òfin, inú èrò yìí sì ni àwọn ìlànà yòókù ti jáde. Ẹni tí kò bá mọ èyí ni ẹnu yóò yà nígbà tó bá rí ọkọ̀ mẹ́wàá tó kọjá lójú iná pupa, tí ọlọ́pàá tó dúró ní oríta náà kò sì dá ìkankan dúró.

Ìjọba àpapọ̀ kọ́ ló ń ṣe òfin yìí. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀, nítorí náà ohun tó tọ́ níhìn-ín lè di ẹ̀ṣẹ̀ bí ènìyàn bá ti sọdá ààlà. Ti Florida wà lára àwọn tó ṣe kedere. Gẹ́gẹ́ bí òfin ibẹ̀ ti wí, ọkọ̀ méjì péré ti tó láti di ọ̀wọ́, bí ọkọ̀ aṣáájú bá ti wà lára wọn, ṣùgbọ́n òkú tí wọ́n fẹ́ sin gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú wọn, ojú ọ̀sán nìkan sì ni. Ó yẹ kí àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé níbẹ̀ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí pé ìsìnkú tiwa kì í parí sí ẹ̀bá sàréè: bí wọ́n bá ti sin òkú tán, tí àwọn tó wọ aṣọ ẹbí wá kó sínú ọkọ̀ láti lọ sí gbọ̀ngàn tí wọ́n ti fẹ́ jẹ, kí wọ́n mu, wọn kì í ṣe ọ̀wọ́ mọ́, kálukú gbọ́dọ̀ dúró fún iná pupa bí gbogbo ayé ti ń dúró.

Ọwọ́ ọkọ̀ aṣáájú ni ìdí ọ̀rọ̀ wà. Ọkọ̀ tó gbé òkú fúnra rẹ̀ lè ṣe aṣáájú, ọkọ̀ mìíràn sì lè ṣe é, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní iná kan tó ń yí, tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ọsàn tàbí elése àlùkò, tí a lè rí láti iwájú ní ìwọ̀n 500 ẹsẹ̀ bàtà, ìyẹn nǹkan bí 150 mítà. Bí aṣáájú bá dé oríta tí iná pupa sì ń tàn, kò ní àǹfààní kankan ju ti ọkọ̀ akẹ́rù lọ. Dídúró ni yóò dúró. Ìgbà tí iná bá fún un láyè, tàbí tí ọlọ́pàá bá júwọ́ sí i, tó sì wọ oríta náà lọ́nà tó bófin mu, ni ilẹ̀kùn ṣí fún àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n fi lè tẹ̀ lé e kọjá bí iná náà tilẹ̀ ti yí padà di pupa.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sí irú ẹ̀tọ́ yìí. Iná pupa lè gé àwọn tó ń lọ sin òkú sí méjì, àwọn tó wà níwájú yóò sì wá ibì kan dúró sí títí àwọn tó kù yóò fi bá wọn.

Kí ọ̀wọ́ má bàa já ni òfin Florida ṣe ní kí àwọn tó wà nínú rẹ̀ sún mọ́ ara wọn dé ìwọ̀n tí kò ní fa ewu. Ìlànà tó ní kí awakọ̀ fi àyè tí ọkọ̀ mìíràn lè wọ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀ kò kàn wọ́n. Wọ́n gbọ́dọ̀ tan iná iwájú àti ti ẹ̀yìn, wọ́n sì lè tan àwọn iná tó ń ṣẹ́jú. Ká sọ òótọ́, iná iwájú kì í ṣe àmì tó dára mọ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayé òde òní ló ń tan tiwọn fúnra wọn lọ́sàn-án gangan. Àsíá kékeré tí àwọn ilé iṣẹ́ ìsìnkú kan máa ń lẹ̀ mọ́ orí ọkọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ náà jù.

Ẹ̀tọ́ yìí ní ààlà. Bí áńbúláǹsì tàbí ọkọ̀ panápaná bá ń bọ̀ pẹ̀lú fèrè, ọ̀wọ́ ni yóò yà fún un. Àṣẹ ọlọ́pàá náà ga ju tirẹ̀ lọ. Lékè gbogbo rẹ̀, awakọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣì gbọ́dọ̀ wo ọ̀tún wo òsì, nítorí pé ẹni tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ lè rí i pé iná ti fún òun láyè, kó má sì mọ̀ pé ọkọ̀ kẹẹ̀ẹ́dógún tó fẹ́ kọjá níwájú òun wà nínú ọ̀wọ́ kan náà pẹ̀lú àwọn tó ti lọ. Òfin lè dá awakọ̀ ọ̀wọ́ láre lórí iná, kò sì ní dá a láre lórí àìbìkítà.

Àwọn tí kò sí nínú ọ̀wọ́ náà ní ojúṣe tiwọn. Ní Florida, wọn kò gbọ́dọ̀ já wọ àárín rẹ̀, àfi bí ọlọ́pàá bá ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn kò sì gbọ́dọ̀ dara pọ̀ mọ́ ọn láti fi jí àǹfààní rẹ̀ lò. Ní Georgia, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbìyànjú láti sáré kọjá ọ̀wọ́ lójú ọ̀nà tó jẹ́ pé ìlà kan ló ń lọ, tí ìlà kan sì ń bọ̀. Owó ìtanràn rẹ̀ kì í kọjá 100 dọ́là. Ti àwọn awakọ̀ tó ń bọ̀ láti òdìkejì, tí wọ́n máa ń yà sí ẹ̀gbẹ́ títì kí wọ́n sì dúró títí òkú yóò fi kọjá, ọ̀wọ̀ tí àwọn ará ìpínlẹ̀ ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà bá lọ́wọ́ àwọn àgbà wọn ni. Ó dára lójú ọ̀nà abúlé. Lójú ọ̀nà márosẹ̀, níbi tí ọkọ̀ ti ń sáré gidi, ẹni tó bá ṣàdédé dúró lè fa òkú mìíràn.

Bí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan nínú ọ̀wọ́, òfin Florida kò jẹ́ kí wọ́n dá ilé iṣẹ́ ìsìnkú lẹ́bi, àyàfi bó bá jẹ́ pé àìbìkítà tàbí àmọ̀ọ́mọ̀ṣe òṣìṣẹ́ wọn ló fà á. Ìlànà yìí ti wà fún ohun tó bá ṣẹlẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1997.