Bí Ìtàn Àkàrà Ṣe Ń Gba Àyè fún Alákàrà ní Bahia

Nígbà òwò ẹrú ní Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia lórílẹ̀-èdè Bràsíl, ọ̀pọ̀ obìnrin ni olówó wọn ń rán jáde lọ kiri oúnjẹ. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á kó iye tó dá lé wọn lọ fún un, wọ́n á sì tọ́jú èyí tó bá ṣẹ́kù. Owó ìṣẹ́kù yìí làwọn kan fi ra ara wọn padà kí òfin tó fòpin sí ẹrú níní ní 1888. Àkàrà wà lára ohun tí wọ́n ń kiri. Lójú àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé, ìyẹn ẹ̀sìn òrìṣà ní Bràsíl, oúnjẹ Ọya ni.

Ìtàn ẹnu lásán kò lè gba àyè ìtajà fún ẹnikẹ́ni. Òfin kan tó jáde ní 2000 ló lànà bí àṣà kan ṣe lè di àjogúnbá: ẹgbẹ́ á kọ̀wé béèrè, wọ́n á kó ẹ̀rí jọ, ìgbìmọ̀ á yẹ̀ ẹ́ wò, ìjọba á sì kọ ọ́ sínú ìwé àjogúnbá. Ẹgbẹ́ àwọn alákàrà, Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá, tó jẹ́ ilé ìjọsìn Candomblé, àti àwọn onímọ̀ láti yunifásítì ló jọ béèrè. IPHAN, àjọ tó ń bójú tó àjogúnbá, forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2005.

Ibi tí ọgbọ́n wà ni pé iṣẹ́ alákàrà ni wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe àkàrà fúnra rẹ̀. Ká ní àkàrà ni, ilé ìtajà ńlá lè dì í sínú ọ̀rá, kó ní òun náà ń gbé àṣà lárugẹ. Iṣẹ́ ò lè wà láìsí òṣìṣẹ́: aṣọ funfun rẹ̀, gèlè, ìlẹ̀kẹ̀, àti ibi tó ń jókòó sí ní gbangba.

Èyí wúlò nígbà tí ìdíje bọ́ọ̀lù FIFA ń bọ̀. Òfin ìdíje náà, ti 2012, gbà kí wọ́n pààlà tó lè tó kìlómítà méjì yí pápá ká, kí ẹni tí kò gbàṣẹ má tajà níbẹ̀. Àwọn alákàrà Fonte Nova, pápá ìṣeré ní Salvador, fẹ̀hónú hàn, wọ́n gba ìbuwọ́lù jọ. Ìwé ìjọba ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè pè wọ́n ní alátẹ ojú títì lásán. Ní 2013, wọ́n gba díẹ̀ nínú wọn láàyè. Díẹ̀ náà ni o.

Ìwé àjogúnbá yìí ò dá owó epo pupa dúró. Kò sì ní kí ẹlòmíì má dín àkàrà: àwọn ajíhìnrere kan ń tà á lórúkọ Jésù, wọ́n ti yọ Ọya kúrò. Ó pẹ́ tán, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá, IPHAN gbọ́dọ̀ tún iṣẹ́ náà yẹ̀ wò; tí wọn ò bá fọwọ́ sí i mọ́, oyè àjogúnbá á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àkọsílẹ̀ nìkan ni yóò kù.