Ta Ló Ja Käärijä Lólè?

Lọ́pọ̀ ìgbà tí Eurovision, ìdíje orin ọdọọdún láàárín àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, bá ti parí ni ẹjọ́ yìí máa ń délẹ̀: àwọn adájọ́, ìyẹn àwọn onímọ̀ orin láti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, ti já ife gbà lọ́wọ́ ẹni tí ará ìlú yàn. Ti Liverpool lọ́dún 2023 ni wọ́n fi ń ṣẹ̀rí jù. Käärijä ará Fínlándì gba máàkì 376 lọ́wọ́ òǹwòran, 150 lọ́wọ́ adájọ́. Loreen ará Swídìn gba 243 lọ́wọ́ òǹwòran, 340 lọ́wọ́ adájọ́; nígbà tí wọ́n ro méjèèjì pọ̀, òun ló gbé ife lọ. Wọ́n ní òjóró ni.

Ó dáa. Lẹ́yìn Käärijä, ta ni òǹwòran fún ní máàkì ju Loreen lọ? Kò sí. Ẹni tí ará ìlú fi ṣe ìkejì ló jáwé olúborí.

Èyí tó tiẹ̀ ń bí mi nínú ni bí wọ́n ṣe ń ka máàkì bí ẹni ń ka orí èèyàn. Máàkì kì í ṣe ìbò. Bí orílẹ̀-èdè kan bá ti ka ìbò rẹ̀ tán, orin tó ṣáájú á gba 12, èyí tó tẹ̀ lé e á gba 10, ẹ̀yìn ìyẹn 8, 7, títí dórí 1 fún ìkẹwàá. Ìkọkànlá ò gba kọ́bọ̀. Jámánì tó tóbi ò sì ju Malta tó kéré lọ níbẹ̀. Lọ́dún 2024, òdo gbáko ni Olly Alexander, tó kọrin fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbà lọ́wọ́ òǹwòran, làwọn kan bá ní kò sẹ́ni tó dìbò fún un. Ta ló sọ fún wọn? Orin lè ṣe ipò kọkànlá káàkiri, kí ìbò rẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ, kó sì gba òdo.

Ohun tó wu òǹwòran ló ń dìbò fún, ó sì lè dì í ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kò síbi tó máa kọ orin tó kórìíra sí. Adájọ́ ní tiẹ̀ gbọ́dọ̀ to gbogbo orin látòkè délẹ̀, ìfidánrawò alẹ́ tó ṣáájú ló sì ń wò.

N ò ní kí adájọ́ mọ́ bí omi o. Adájọ́ márùn-ún péré ló di ìdajì máàkì orílẹ̀-èdè kan mú lọ́dún 2023, bóyá ìyẹn sì pọ̀ jù. Lọ́dún 2022, wọ́n wọ́gi lé ìbò adájọ́ orílẹ̀-èdè mẹ́fà torí pé ó mú ìfura dání. Bí ẹ bá fẹ́ pariwo òjóró, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ fi Loreen sílẹ̀.