Ta Ló Ní Ọwọ́ Obìnrin Kò Ká Béèsì? Ẹ Wo Jàpáànù

Bí òbí bá mú ọmọbìnrin wá kọ́ gìtá béèsì lọ́dọ̀ mi, ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn ni pé, "Ṣé ọwọ́ rẹ̀ á ká a báyìí? Ìka rẹ̀ mà kúrú." N kì í bá wọn jiyàn. Orúkọ àwọn obìnrin Jàpáànù tó ta béèsì nínú ẹgbẹ́ olórin ni mo máa ń kà fún wọn: Michie Nakatani, tó ta béèsì nínú Shonen Knife láti ìgbà tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Osaka lọ́dún 1981 títí di 1999, Atsuko Watanabe ti Princess Princess, ẹgbẹ́ olóbìnrin àkọ́kọ́ ní Jàpáànù tó dá ṣeré ní gbọ̀ngàn Budokan ní Tokyo, lọ́dún 1989, Tomomi Ogawa ti Scandal, Misa ti Band-Maid. Kò sí òmìrán kankan nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ ìka yìí ṣeé wọ̀n, ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n. Okùn béèsì tó wọ́pọ̀ gùn ní ìǹṣì 34 láti orí ọrùn gìtá dé ibi tó fẹsẹ̀ tì nísàlẹ̀. Àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn náà là ń pè ní fírẹ́ẹ̀tì. Láti fírẹ́ẹ̀tì kìíní dé ìkẹrin tó bíi sẹ̀ǹtímítà 13. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìka mẹ́rin bo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà á na ọwọ́ tantan, ì báà ṣe ọkùnrin, ì báà ṣe obìnrin. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá ṣe ń sún mọ́ ikùn gìtá ni àlàfo ń dín: láti fírẹ́ẹ̀tì karùn-ún dé ìkẹjọ, ó ti di bíi sẹ̀ǹtímítà 10. Níbi tó fẹ̀ yẹn, ọgbọ́n tí àwọn tó ń ta béèsì ńlá onígi, èyí tí wọ́n ń gbé nàró, ti ń dá tipẹ́ ni kí ẹ lò: ìlábẹ̀, ìka àárín àti ọmọńdinrín ló ń tẹ okùn, ìka òrùka á kàn ti ọmọńdinrín lẹ́yìn, ọwọ́ á sì máa rìn dípò kó máa nà. Béèsì kúkúrú onínṣì 30 náà wà, tó sọ sẹ̀ǹtímítà 13 yẹn di bíi 11 àtààbọ̀. Ó dáa fún ọmọdé. Àgbàlagbà kò nílò rẹ̀, àfi tí ohùn rẹ̀ bá wù ú.

Ohun tó ń dùn mí ju ọ̀rọ̀ ìka lọ ni bí àwọn kan ṣe gbà pé béèsì ni wọ́n ń kì bọ obìnrin lọ́wọ́ nígbà tí àwọn tó kù bá ti mú ohun tó dáa. Nínú ẹgbẹ́ dùndún, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, gúdúgúdú ló ń di ìlù mú. Ẹ yọ gúdúgúdú kúrò, kí ẹ wo bí gbogbo rẹ̀ á ṣe tú. Iṣẹ́ béèsì nínú orin rọ́ọ̀kì nìyẹn, òun àti onílù. Ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta ló sì máa ń fi í hàn kedere, torí gìtá kan péré ló wà níbẹ̀. Bí onígìtá bá ti bọ́ síwájú láti dá ta orin tirẹ̀, béèsì nìkan ló kù tó ń gbé ohùn orin ró. Ẹlẹ́ni mẹ́ta ni Chatmonchy, tó ti Tokushima wá, Akiko Fukuoka ló ń ta béèsì wọn. Nígbà tí onílù wọn kúrò ní 2011, Fukuoka fúnra rẹ̀ ló lọ jókòó sídìí ìlù, àwọn méjèèjì tó kù ò sì tú ká títí di 2018. Kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tó bá ti ń ta béèsì dáadáa, ẹsẹ̀ onílù ló ń tẹ̀ lé láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹlòmíràn tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an ni obìnrin tí wọ́n ń pè ní 345, ti Ling Tosite Sigure láti Saitama. Ó ń ta béèsì, ó tún ń kọrin, ohùn rẹ̀ sì ga fíofío. Ẹ gbìyànjú kí ẹ máa fi ọwọ́ kan lu tábìlì lọ́gbọọgba, kí ẹ wá máa kọ orin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bọ́ sórí ìlù yẹn. Ẹ ó rí i pé ọ̀kan á fẹ́ fa èkejì lọ.

Ẹ má fi ẹnu fóònù lásán gbọ́ wọn. Okùn béèsì tó nípọn jù ń gbọ̀n nígbà 41 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹnu fóònù kékeré kò lè gbé irú ohùn yẹn jáde. Nítorí náà ni àwọn kan ṣe ń sọ pé àwọn ò gbọ́ béèsì kankan. Ẹ ki íapíìsì bọ etí. Tó bá jẹ́ fóònù nìkan lẹ ní, F Chopper Koga ti Gacharic Spin ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: àtàńpàkò ló fi ń gbá okùn mọ́ irin, tí ìka á tún já a kó ta padà. Ìró tó ń ta pá-pá yẹn ga tó láti jáde lẹ́nu fóònù.

Ilé ẹ̀kọ́ ló bí púpọ̀ nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Jàpáànù ló ní ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń pàdé lẹ́yìn kíláàsì láti kọ́ gìtá àti ìlù, ẹgbẹ́ olórin kọ̀ọ̀kan tó bá sì jáde níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní oníbéèsì. Orin àti ijó ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Scandal ń kọ́ ní Osaka kí wọ́n tó gbé ohun èlò ní 2006. Nígbà tó fi máa di 2012, wọ́n ti wà ní Budokan.

Tí ẹnì kan bá sì tún ní ipò oníbéèsì kéré, ẹ sọ ti Ami Kusakari fún un, oníbéèsì Sakanaction, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Sapporo ní 2005. Nígbà tó lóyún ní 2015, ẹgbẹ́ náà dá eré orí ìtàgé dúró. Ó bímọ tán kí wọ́n tó tún gbéra ìrìn àjò eré lóṣù kẹwàá ọdún náà, òun ló sì gbé béèsì.