Ohùn tó ń pẹ́ dé etí akọrin

Akọrin dúró nídìí máìkì, ó wọ hẹ́dífóònù, ó gbé orin. Ohùn ara rẹ̀ ló ń gbọ́, ṣùgbọ́n ó ń tẹ̀ lé ẹnu rẹ̀ lẹ́yìn, bí ìgbà tí ẹnìkan ń sín in jẹ. Kò pẹ́ tó fi jábọ́ kúrò lórí ìlù. Ìdádúró yìí ni wọ́n ń pè ní latency, kò sì sí ètò orin orí kọ̀ǹpútà tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìbáà ṣe FL Studio, Cubase tàbí Logic.

Audio interface, ẹ̀rọ tó so máìkì àti hẹ́dífóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, máa ń gé ohùn sí ẹyọ kéékèèké tó ń jẹ́ sample, 44,100 tàbí 48,000 nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kọ̀ǹpútà kì í gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú buffer ló ń kó wọn jọ sí, bíi dánfó inú gáréèjì tí kò ní gbéra àfi tí èrò bá kún. Bí buffer bá jẹ́ 256, sample 256 gbọ́dọ̀ jókòó kí ọkọ̀ tó lọ. Ní 44,100, ìyẹn gba mìlísẹ́kọ́ńdì 5.8 (mìlísẹ́kọ́ńdì kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá). Bó bá jẹ́ 1,024, ó di 23. Àlọ nìkan nìyẹn o. Ohùn náà ṣì máa wọ ọkọ̀ mìíràn padà wá sí hẹ́dífóònù.

Ọkọ̀ kékeré tètè ń kún, àmọ́ dírẹ́bà ni yóò jìyà rẹ̀. Pẹ̀lú buffer 64, kọ̀ǹpútà ní láti parí iṣẹ́ gbogbo plugin, ìyẹn àwọn ètò kéékèèké tó ń tún ohùn ṣe, láàárín mìlísẹ́kọ́ńdì kan ààbọ̀, nǹkan bí ìgbà 689 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí kò bá rí i ṣe, ohùn á máa já, á máa ta pá-pá.

Àwọn kan ń sáré lé nọ́ńbà kékeré ju bó ṣe yẹ lọ. Nínú afẹ́fẹ́, ohùn ń rin nǹkan bí mítà 3.4 ní mìlísẹ́kọ́ńdì 10, onígángan àti onísẹ̀kẹ̀rẹ̀ tó jìnnà síra tó bẹ́ẹ̀ sì ń bára wọn lu ìlù láìsí wàhálà. Akọrin ló yàtọ̀: egungun orí rẹ̀ ti gbé ohùn dé etí rẹ̀ kí ti hẹ́dífóònù tó dé, méjèèjì á wá dàrú mọ́ra wọn.

Nígbà tí wọ́n bá ń gba orin sílẹ̀, 64 tàbí 128 ló dára; tó bá di àkókò mixing, ìyẹn pípo àwọn ohùn tí wọ́n ti gbà pọ̀, 1,024 kò pa ẹnikẹ́ni lára. Lórí Windows, dírẹ́bà ASIO tí Steinberg ṣe (dírẹ́bà ibí yìí ni ètò tó ń gbé ohùn láàárín interface àti kọ̀ǹpútà) máa ń gba ọ̀nà tó kúrú ju ti Windows fúnra rẹ̀ lọ. Ohun tó máa ń tan ènìyàn jẹ ni plugin tó ń dúró fúnra rẹ̀, bíi limiter tó ń wo iwájú kí ohùn má bàa lọ sókè jù, tàbí EQ linear-phase tó ń tún ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ṣe. Bí irú wọn bá wà lórí master, ojú ọ̀nà tí gbogbo ohùn ń gbà jáde, bó ti wù kí wọ́n dín buffer kù tó, ìdádúró tiwọn ṣì wà níbẹ̀. Pípa wọn ni oògùn rẹ̀.

Èyí tó dájú jù ni direct monitor ara interface, tó ń dá ohùn padà sétí láìjẹ́ kó kọjá nínú kọ̀ǹpútà. Kí wọ́n pa monitor ti inú ètò orin, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ohùn á di méjì. Ohùn gbígbẹ, tí plugin kankan kò tíì tún ṣe, ni akọrin yóò gbọ́ o, ẹni tí Auto-Tune ti mọ́ lára lè má fẹ́ràn rẹ̀. Ti hẹ́dífóònù Bluetooth kò tilẹ̀ gba àríyànjiyàn: òun nìkan lè fi ju mìlísẹ́kọ́ńdì 100 kún un. Oníwáyà ni kí wọ́n lò.