Ẹ́ńjìn rotary Mazda: èwo ló lè wọnú èwo?

Ohun tó ń kó àwọn tó ń tú ẹ́ńjìn rotary (èyí tí rotor, irin onígun mẹ́ta, ń yí nínú ẹ̀ dípò piston) palẹ̀ sí wàhálà ni pé àwọn ẹ́ńjìn náà jọra jù. Ẹ́ńjìn 10A, 12A, 13B, láti àárín rotor dé ṣóńṣó igun ẹ̀, 105 mm ni gbogbo wọn. 13A inú ọkọ̀ Mazda Luce R130 ló dá yàtọ̀, ẹ má jẹ́ kí orúkọ ẹ̀ tàn yín. Torí náà rotor ọ̀kan á wọnú housing (ilé tí rotor ń yí nínú ẹ̀) òmíì, á yí dáadáa lórí tábìlì, inú mẹkáníìkì á dùn, ṣùgbọ́n pé ó wọlé kọ́ ni pé ó bára mu.

Fífẹ̀ rotor rọrùn láti mọ̀: 10A 60 mm, 12A 70, 13B 80, shaft tó gba àárín rotor wọn kọjá náà ò gùn bákan náà, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Àárín 13B sí 13B gan-an niṣẹ́ wà, torí ti ọdún kan lè yàtọ̀ sí ti òmíì.

Ẹ wo apex seal, irin tẹ́ẹ́rẹ́ orí igun rotor tó ń ha ara housing. Títí di 1985, 3 mm ni nínípọn ẹ̀, láti 1986 ó di 2 mm. Wọ́n lè gbẹ́ ojú ihò 2 mm kó di 3 mm, àwọn tó ń fi turbo (ohun tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọnú ẹ́ńjìn) sáré gan-an fẹ́ràn ẹ̀ torí ó lágbára, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti gbẹ́ ẹ, kò ṣeé dá padà mọ́. Ti 13B inú ọkọ̀ Mazda RX-8, 2 mm náà ni, gíga ẹ̀ ló kéré.

Rọ́bà tó ń dá omi dúró ńkọ́? Títí di 1985, ara rotor housing ni wọ́n gbẹ́ ojú ọ̀nà ẹ̀ sí, láti 1986 ó bọ́ sára iron ẹ̀gbẹ́, irin tó bo ẹ̀gbẹ́ housing. Kéèyàn kó iron àtijọ́ pọ̀ mọ́ housing tuntun, pẹrẹsẹ bá pẹrẹsẹ, rọ́bà ò níbi tó máa jókòó sí, omi á ya wọnú ibi tí iná ti ń jó. Housing RX-8 tiẹ̀ tún burú jù, kò ní ihò èéfín rárá, torí ara iron lèéfín tiẹ̀ ń gbà jáde.

Side seal, irin tẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀gbẹ́ rotor, náà ò gba kánjúkánjú. Tuntun ni kí wọ́n rà, kí wọ́n máa fi fáìlì ha ẹnu ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí àlàfo tó wà láàárín òun àti corner seal (èyí tó wà ní igun rotor) á fi wà láàárín 0.05 sí 0.15 mm, kí wọ́n sì kọ ojú ibi tó jẹ́ tiẹ̀ sílẹ̀ kó má lọ pààrọ̀.

Ìdí tí wọ́n fi ń pààrọ̀ rotor lọ́pọ̀ ìgbà ni compression, ìlọ́po tí rotor ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ mọ́ra: ọkọ̀ Mazda RX-7 turbo 1986 sí 1988 jẹ́ 8.5, ti 1989 sí 1991 jẹ́ 9.0, èyí tí kò ní turbo nígbà yẹn 9.7, RX-8 jẹ́ 10. Ó wuni lóòótọ́. Àmọ́ rotor 1989 fúyẹ́ ju ti 1986 lọ, ti RX-8 tún fúyẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n rotor yẹn gan-an ni wọ́n fi ṣe counterweight iwájú àti ti ẹ̀yìn, irin tó ń mú kí rotor yí láìgbọ̀n. Nínú ọkọ̀ manual, ti ẹ̀yìn wà lára flywheel (irin róbótó ẹ̀yìn ẹ́ńjìn) fúnra ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá fẹ́ flywheel fúyẹ́fúyẹ́ fi máa ń wá counterweight ọkọ̀ automatic, kó sì jẹ́ ti ọdún rotor tó wà nínú ẹ̀, kì í ṣe ti ọdún ọkọ̀. Tí wọn ò bá bára mu, ẹ́ńjìn á stáàtì, á dúró jẹ́jẹ́, ìgbà tí wọ́n bá tẹ iná mọ́ ọn ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí bearing á máa jẹ. Ẹni tí ò bá mọ ibi tí rotor ẹ̀ ti wá, kó kó rotor méjèèjì, shaft àti counterweight lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe balance kó tó di ẹ́ńjìn pa.